Abídèmí Ti Káyín

Obìnrin kan wà nígbà kan rí tó ń jẹ́ Àyọ̀ká. Oyún oṣù mẹ́ta wà nínú rẹ̀ nígbà tí ọba rán ọkọ rẹ̀, Akínṣọwọ́n, lọ ṣọ́ ibodè etí odò, ìrìn ọjọ́ mẹ́rin sílé. Ọdún kan ni wọ́n dá fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ ibodè kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ àfi bí ọba bá fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọdún kan di méje. Dàńṣíkí ọkùnrin náà kan ṣoṣo tó kù sílé, Àyọ̀ká kò jẹ́ fọ̀ ọ́, kí òórùn ọkọ rẹ̀ má baà tán lára rẹ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́, kò sì fi bò.

Lọ́dọọdún, Fágbèmí, ìránṣẹ́ ààfin, a máa lọ wo ibodè náà, Akínṣọwọ́n a sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun sọ fún ọba pé òun fẹ́ wálé. Àṣà ààfin ni pé bí ìránṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìròyìn, ọba á ju orógbó sẹ́nu. Bó bá ti jẹ ẹ́ tán, ìròyìn parí nìyẹn. Fágbèmí ní tirẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀: odò tó là kọjá, ibi tó sùn, iṣu tó jẹ. Ta ló bi í léèrè iṣu? Orógbó a tán lẹ́nu ọba kí ìròyìn rẹ̀ tó dé ibodè rárá.

Àyọ̀ká lọ bẹ ìránṣẹ́ náà pé kó jọ̀ọ́ kó fi orí ọ̀rọ̀ ṣíwájú. Fágbèmí rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó, bí mo ṣe rìn ín ni mo ṣe ń rò ó.”

Lọ́dún keje, obìnrin náà tẹ̀ lé e dé ààfin. Ó ti to ọ̀rọ̀ jọ sínú, ọ̀rọ̀ ọdún méje. Fágbèmí ṣì wà ní odò kejì nígbà tí Àyọ̀ká rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba tó wú ti ń rọlẹ̀. Orógbó ń tán lọ. Ó sáré kúnlẹ̀.

“Kábíyèsí, Abídèmí ti káyín.”

Ta ni kò mọ̀ pé ọmọ tí a bí nígbà tí bàbá rẹ̀ wà lájò là ń sọ ní Abídèmí? Ọba dẹ́kun jíjẹ. Ó wo obìnrin náà, ó sì rántí ọkọ rẹ̀ tí òun rán lọ sí ibodè.

“Bàbá rẹ̀ kò tíì rí i?”

Àyọ̀ká fẹ́ dáhùn, ẹkún ló jáde. Ọba tu orógbó náà sọ́wọ́ láìtíì jẹ ẹ́ tán, ó sì ní kí ẹ̀ṣọ́ mìíràn gbéra lọ sí ibodè lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni Akínṣọwọ́n wọlé. Abídèmí fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ojú àlàfo eyín ń tì í, bàbá rẹ̀ sì rọra ká ọwọ́ náà kúrò kó lè rí i.

Inú bí Fágbèmí. Ó bi ọba léèrè ohun tó gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà kò sọ dé ìdajì. Ọba ní inú òun ni ìyókù ti kún.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, á di odidi.