Òkété àti Ọ̀pá Gígùn tí Ó Fi Kun Gbọ̀ngàn Erin

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri lára ògiri, kò dúró lórí ẹnikẹ́ni àfi Òkété oníwàǹwára.

Ní ìgbà kan rí, Erin kọ́ gbọ̀ngàn ńlá kan. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́, inú gbọ̀ngàn náà ni wọn yóò sì ti sọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù, ògiri ò tíì rí ọ̀dà! Erin pe Òkété àti Alágẹmọ.

"Ẹ bá mi kùn ún ní funfun. Bí ẹ bá ṣe é tán, ilẹ̀ etí odò yẹn, tiyín ni. Ẹ ó jọ pín in."

Wọ́n gba ọ̀dọ̀ Ìyá Àfè lọ, ẹni tí ń ta irinṣẹ́ àwọn akunlé: rólà tí wọ́n fi ń yí ọ̀dà mọ́ ògiri, àti ọ̀pá tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ kí ó lè dé òkè.

Ìyá Àfè ní, "Ògiri Erin ń dán. Rólà onírun kúkúrú ni kí ẹ mú. Èyí tí irun rẹ̀ gùn yìí, ògiri hágahàga ló wà fún. Ọ̀pá ńkọ́? Ẹ mú èyí tí apá yín ká. Bí ẹ bá fà á gùn láti inú ara rẹ̀, ẹ lọ́ ọrùn rẹ̀ kó le dáadáa, kó má baà yọ̀ padà wọlé."

Alágẹmọ ń tẹ́tí. Òkété ò lè dúró lójú kan. Ó ń họ ilẹ̀, ó ń wo òòrùn. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ká pín kí ni? Èmi nìkan ni n ó ni ín!"

Bí wọ́n ti jáde, ó ní, "Alágẹmọ, ọ̀rẹ́ mi, Erin ní ó di ọ̀la. Máa lọ sinmi."

Alágẹmọ gbà á gbọ́, ó lọ. Òkété sáré padà. Ó gbé rólà tó tóbi jù, onírun gígùn, ó gbé ọ̀pá tó gùn jù lé e.

Ìyá Àfè ní, "Òkété, apá rẹ ò ká eléyìí o!"

"Ìyá, ẹ fi mí sílẹ̀. Nǹkan ńlá ló ń tètè parí iṣẹ́ ńlá."

Ó dé gbọ̀ngàn. Erin bi í pé, "Alágẹmọ dà?"

"Baba, ó ní iṣẹ́ yìí pọ̀ jù fún òun."

Òkété ti rólà bọ ọ̀dà, kò fún ọ̀dà tó pọ̀ jù kúrò lára rẹ̀. Ó fa ọ̀pá gùn, kò lọ́ ọrùn rẹ̀. Ọ̀dà ń ro tó, tó, tó. Ògiri tó ń dán wá rí ṣákiṣàki bí awọ ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pá ń fì síhìn-ín, ó ń fì sọ́hùn-ún. Apá ń ro Òkété, àmọ́ kò sinmi. Orin ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ẹ bá mi gbè é:

Rólà mi, yí i o — *gbirigbiri!*
Kí Alágẹmọ tó gbọ́ — *gbirigbiri!*
Irọ́ ni mo fi lé e lọ — *gbirigbiri!*
Ilẹ̀ odò dọwọ́ mi — *gbirigbiri!*

Kò mọ̀ pé Erin wà lẹ́yìn ògiri.

"Òkété!"

Òkété ta gìrì yí padà. Ọ̀pá yọ̀ wọ inú ara rẹ̀, rólà já lulẹ̀, ó gbá garawa ọ̀dà dànù. Òkété yọ̀ ṣubú, ìrù rẹ̀ wọ inú ọ̀dà.

Erin ní, "Òkété, báyìí ni ìwà rẹ!"

Òkété sá wọ igbó.

Wọ́n ranṣẹ́ pe Alágẹmọ. Ó wo ògiri títí, ó mí kanlẹ̀. Ó ha á, ó fi rólà onírun kúkúrú kùn ún, ọ̀pá tí apá rẹ̀ ká ló sì lò. Gbogbo wa mọ ìrìn Alágẹmọ. Erin ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Òórọ̀ ọjọ́ kẹta, bí àlejò àkọ́kọ́ ti ń kan ìlẹ̀kùn, ni Alágẹmọ kun igun tó kẹ́yìn. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Alágẹmọ nìkan gba ilẹ̀ etí odò.

Òkété fọ ìrù, fọ ìrù, ọ̀dà ò ṣí. Ìdí nìyẹn tí ìdajì ìrù òkété fi funfun títí dòní, tí ìtìjú kì í jẹ́ kó jáde lọ́sàn-án.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin tẹ jókòó tì mí: ẹni tó bá fi irọ́ lé ẹnìkejì rẹ̀ kúrò nídìí iṣẹ́, òun náà ni ìwàǹwára yóò lé kúrò nídìí èrè.