Ìdérí Ìkòkò Ọ̀gá Láoyè

Ìbídùn kò lè jókòó. Ó ti fọ́nnu fún gbogbo ìjọ pé ampilifáyà tí òun fọwọ́ ara òun kàn ni wọn yóò lò lọ́jọ́ Sunday, bẹ́ẹ̀ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Láoyè tó ń kan ẹ̀rọ orin láti kọ́ṣẹ́ ni. Gbogbo ohun tó wà nínú ampilifáyà ọ̀gá ló rà, tuntun sì ni gbogbo wọn. Àfi ègé ìdérí ìkòkò tí ọ̀gá dè mọ́ tíráńsítọ̀, ẹ̀yà inú ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, nìkan ló fò.

"Kí ni ìdọ̀tí yìí ń ṣe níbẹ̀?" ló wí. Kò dúró de ọ̀gá, ó tanná sí ampilifáyà tirẹ̀.

Orin dún díẹ̀, èéfín sì rú. Tíráńsítọ̀ ti jóná.

Ọ̀gá wọlé, ó gbọ́ òórùn, ó gbé agolo mílíìkì kan kalẹ̀. Tíráńsítọ̀ tó ti jóná ló kún inú rẹ̀.

"Ìbídùn, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀yìn ìgbà tí gbogbo ìwọ̀nyí jóná mọ́ mi lọ́wọ́ ni mo tó gé ìdérí ìkòkò ìyàwó mi, kí ooru tíráńsítọ̀ lè ráyè gba ara rẹ̀ jáde."

Ìbídùn yọ èyí tó jóná, ó jù ú sínú agolo òfìfo kan.

"Àkísà mi àkọ́kọ́ rèé, ọ̀gá." Ó wo ìdérí ìkòkò tó fi gbé oúnjẹ ọ̀sán wá. "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ayùn wà?"