Ìyáálé Orí Tábìlì

Ohun tó ń ba Fọ́yẹkẹ́ aránṣọ nínú jẹ́ kì í ṣe àìríjẹ. Ọdún kẹrin nìyí tí Láníyan ọkọ rẹ̀, tíṣà àgbà ní Ìkìrun, ti re ibi àgbà ń rè. Ojú ọkùnrin náà wà nínú fọ́tò lára ògiri, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lọ́kàn obìnrin náà. Obìnrin náà ń dì í mú, ohùn ń jò lọ bí omi inú ajere. Àárò ohùn náà kò jẹ́ kó sùn, kò jẹ́ kó jẹun yó.

Kọ̀ǹpútà Láníyan ṣì wà lórí tábìlì ní yàrá, àǹkárá ni wọ́n fi bò ó. Fọ́yẹkẹ́ kò fọwọ́ kàn án rí. Àtinúkẹ́ ọmọ rẹ̀ fi tábúlẹ́ẹ̀tì méjì ránṣẹ́ láti Kánádà, ọ̀kan fún ìyá rẹ̀, ọ̀kan fún Akíntáyọ̀, àbúrò bàbá rẹ̀. Nǹkan pẹlẹbẹ náà kò wúwo ju àwo oúnjẹ lọ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni Fọ́yẹkẹ́ ti ń rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń wo àrà tuntun tí yóò rán fún oníbàárà. Akíntáyọ̀ ní òun ti rí ohun tí yóò rọ́pò kọ̀ǹpútà kejì tí Láníyan rà sí ilé òun, kí àwọn méjèèjì pe ẹni tó ń ra irin àlòkù wá kó méjèèjì. Ọkàn Fọ́yẹkẹ́ kò gbà. Ó bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Ìyá Efúnyẹmí, tó ń fi owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún wo ọ̀ràn, tó sì tọ́ èmi tí mò ń ròyìn yìí dàgbà.

Ìyá da owó ẹyọ sílẹ̀, ó wò ó títí.

"Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìyàwó tuntun wọlé yín, ara rẹ̀ yá sí iṣẹ́. Ẹ kò jẹ́ kó kí ìyáálé. Ìyáálé dákẹ́, inú rẹ̀ kún."

Fọ́yẹkẹ́ ní, "Ìyá, ṣé tábúlẹ́ẹ̀tì yìí kò wá tó mi ni?"

"Ó tó ọ fún òní, ọmọ mi. Àná rẹ ńkọ́?"

Ẹbọ tó yàn fún wọn ni omi tútù, obì olójú mẹ́rin, àti ìjókòó ọjọ́ mẹ́ta. Kí kálukú ṣí aṣọ lórí kọ̀ǹpútà tí í ṣe ìyáálé ilé rẹ̀, kó nu eruku ara rẹ̀, kó ta omi sílẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà, kó sì jókòó tì í. Lọ́jọ́ kẹta, kó wá ẹni tí yóò jí i, kí ìyáálé fi ohun inú rẹ̀ lé ìyàwó lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí, bí ìyáálé bá fẹ́ jáde nílé, kó jáde.

Akíntáyọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ má bínú o. Mo ti rí ẹni tó bọ Ògún, mi ò rí ẹni tó bọ kọ̀ǹpútà rí. Obì yẹn, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi jẹ ẹ́."

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó ti gbé tirẹ̀ fún onírin.

Fọ́yẹkẹ́ rú ẹbọ náà. Ojú tì í díẹ̀, ó tilẹ̀kùn kí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, ó nu eruku, ó sì sunkún. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé aṣọ oníbàárà wọ yàrá, ó ń fọwọ́ rán an níbẹ̀, ó ń bá àga tó ṣófo sọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó pe Wòrú, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òdìkejì ọ̀nà. Wòrú pààrọ̀ wáyà kan, ẹ̀rọ náà kùn, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó bá ohùn kan tí Láníyan gbà sílẹ̀, ó gbé e sínú tábúlẹ́ẹ̀tì, ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé obìnrin náà lẹ́sẹ̀.

Ohùn ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́, láti ẹ̀yìnkùlé: "Ẹ wá jẹun o, ọbẹ̀ ń tutù!"

Láníyan rẹ́rìn-ín. "Mò ń bọ̀, Àjíkẹ́. Jẹ́ kí n ki ìyá mi tán."

Fọ́yẹkẹ́ kígbe. "Òun nìyẹn! Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn!"

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti padà sójú rẹ̀. Orin tún ń dún ní ìsọ̀ rẹ̀, oníbàárà sì ń wọ́ tẹ̀ lé orin. Ó gbé obì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá, ó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ.

Akíntáyọ̀ wá gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láníyan ki oríkì ìyá wọn ní ẹsẹ mẹ́ta, ó bá rẹ́rìn-ín. "Mo ti gbàgbé ìyókù. Kò burú. Èyí tí ìyá mi fẹnu ara rẹ̀ kì wà lódidi nínú kọ̀ǹpútà tó wà lọ́dọ̀ Akin."

Akíntáyọ̀ sáré dé ọ̀dọ̀ onírin pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Wọ́n ti fọ́ kọ̀ǹpútà náà wẹ́wẹ́.

Ẹni tó rúbọ rí ohun tó ń wá. Ẹni tó fẹbọ ṣẹ̀sín a máa wá sílé Fọ́yẹkẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, a ní, "Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, tún un tẹ̀." Fọ́yẹkẹ́ a tẹ̀ ẹ́ fún un. Bí ohùn náà bá ti parí ẹsẹ kẹta, Akíntáyọ̀ a lanu bí ẹni tó fẹ́ bá a kì í lọ, kò sì ní mọ èyí tó kàn.