Igbá Tí Ìjàpá Gbé Pọ̀n

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi léfòó lójú omi, kò rì, ó gúnlẹ̀ sẹ́yìn Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo.

Ní ìgbà kan rí, tí ẹ̀yìn Ìjàpá ṣì wà níhòòhò, Ẹ̀lúlùú, ẹyẹ tó ń pe òjò, ló ń kọ́ ọmọ ẹranko lẹ́kọ̀ọ́ létí odò. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ a máa pẹ́. Bó bá ní, "Bí odò bá kún, igbá ni kí ẹ mú," á gbé igbá sójú omi, àwọn ọmọ á wọ̀ ọ́, wọ́n á ṣubú, wọ́n á tún un wọ̀. Àwọn òbí a sì fi àgbàdo sísun dúpẹ́.

Òórùn àgbàdo yìí ni kò jẹ́ kí Ìjàpá gbádùn. Ó sá sínú koríko, ó jí ẹ̀kọ́ gbọ́, ó sì gbọ́ igbá ní igbà, okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ló bá dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ gbé àgbàdo wá! Kí ìrì tó gbẹ, ọmọ yín á ti mọ gbogbo rẹ̀!"

Àwọn òbí tí ọmọ wọn kò tíì kọ́ ẹ̀kọ́ igbá ya lọ bá a. Ó fi ẹ̀kọ́ náà ṣe orin:

Bí odò bá kún ńkọ́?
Léńté!
Igbà ni kí ẹ mú!
Léńté o, léńté!

Orin náà dùn bí oorun. Àwọn ọmọ ń mì síwá sẹ́yìn, ojú wọn ń di, ìkùukùu ń rọra gòkè lórí odò. Àwẹ̀ró, ọmọ Ehoro, nìkan ló lajú.

"Bàbá, kí la ó fi igbà ṣe? Ehoro kì í gun ọ̀pẹ."

"Ta ló bi ọ́? Kọ orin!"

Àwẹ̀ró kọrin, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn òbí ti lọ sóko, odò dé. Kò pariwo. Ó rọra gba abẹ́ ìkùukùu wọlé bí ẹni tó mọlé tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ di igbà mú, wọ́n ń kọrin. Omi dé orókún, wọ́n ń kọrin. Omi dé àyà. Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró gan-an. Ó wá rántí ohun tí ìyá rẹ̀ fi ń pọnmi, tí kì í rì.

"Igbá ni! Kì í ṣe igbà!"

Ó fa igbá ńlá tí Ìjàpá ń kó àgbàdo àwọn òbí sí, ó da àgbàdo inú rẹ̀ sómi, gbogbo wọn kó sínú rẹ̀.

Ìjàpá ńkọ́? Ó ti ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Ọwọ́ yọ̀, ó já sómi gbìì!

"Àwẹ̀ró, gbà mí o! Kí ló dé tí mo fi ń rì?"

"Bàbá, ṣé a ti wá lè bèèrè ìbéèrè?"

Wọ́n ju okùn sí i, wọ́n fà á yọ. Ojú tì í. Ọjọ́ náà ló gbé igbá pọ̀n, kò sì sọ̀ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n kò bi ẹnikẹ́ni èwo ni ojú, èwo ni ìdí. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé e kiri dòní.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ̀kọ́ tí kò yé ọmọ, ẹrù ẹ̀yìn ni. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ bèèrè. Bí mo bá parọ́, ẹ gbé igbá ilé yín sójú odò lọ́la, kó rì.