Ibi Tí Omi Òkun Ti Pọ́n

Ní etí òkun lọ́dọ̀ wa, bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ sú ènìyàn, àgbà a máa sọ pé, "Ibi tí omi bá ti dàrú, ilẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀." Ǹjẹ́ ẹ mọ orísun rẹ̀? Ẹ ó rò pé inú ọkọ̀ ojú omi ni. Inú ọkọ̀ òfurufú ni.

Màmá Orímisàn ará Àwóyè lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bímọ sí erékùṣù kan láàárín òkun. Ọkọ̀ òfurufú kékeré tó ń gbé èrò márùn-ún ló wọ̀ padà. Fọlárànmí ni orúkọ awakọ̀ wọn, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ tí wọ́n gbéra tí iná inú ọkọ̀ fi kú. Rédíò dákẹ́. Abẹ́rẹ́ tó ń tọ́ka sí àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í yí kiri bí ẹni tí òòyì ń kọ́.

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn wà ní àtàrí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ìlà-oòrùn yàtọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Fọlárànmí darí ọkọ̀ sọ́tùn-ún, ó tún darí rẹ̀ sósì. Òkun náà ni. Àwọn èrò kò lè jókòó jẹ́jẹ́. Ọ̀kan ń bọ́ bàtà, ó tún ń wọ̀ ọ́. Òmíràn ń béèrè aago lọ́wọ́ ẹni tí kò ní aago. Nígbà tó yá, epo ìdajì wákàtí ló kù.

Ìgbà yẹn ni wọ́n rí omi pupa níwájú, tó ń rú bí ẹni pé wọ́n fi igi rò ó. Awakọ̀ rò pé ìjì ló wà níbẹ̀, ó fẹ́ yà fún un. Màmá Orímisàn, tó ti bá ọkọ rẹ̀ pẹja fún ọgbọ̀n ọdún, dìde, ó di ẹ̀yìn àga awakọ̀ mú.

"Ọmọ mi, má yà. Ibi tó pọ́n yẹn ni kí o kọjú sí."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ṣé ẹ ò rí i bó ṣe ń rú ni?"

"Mo rí i. Agbami kò ní amọ̀. Odò ló ń gbé erùpẹ̀ yẹn bọ̀ láti ilẹ̀."

"Ṣé ó dá yín lójú pé a ó débẹ̀?"

"Kò dá mi lójú pé a ó débẹ̀. Ó dá mi lójú pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ wà."

Fọlárànmí wo bí epo ṣe kù sí, ó kọjú sí omi pupa náà. Atẹ́gùn ibẹ̀ le, ó ń jù wọ́n sókè sódò. Ọkùnrin kan nínú àwọn èrò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó padà síbi tí omi ti mọ́. Ibi tó bá ti pọ́n jù ni Fọlárànmí ń tọ̀. Wọ́n rí koríko tó léfòó, wọ́n rí ọkọ̀ apẹja méjì, lẹ́yìn náà ni iyanrìn yọ. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́ kí wọ́n tó balẹ̀, àyà ni ọkọ̀ náà fi gbá iyanrìn. Apá Màmá kán, eyín awakọ̀ méjì yọ, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló fi ẹsẹ̀ ara wọn jáde.

Àwọn apẹja sáré wá, wọ́n béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ bí ó ṣe rí ọ̀nà. Fọlárànmí nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ibi tí omi ti dàrú ni mo tẹ̀lé. Màmá ló ní ilẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀."

Ẹnu àwọn apẹja ni ọ̀rọ̀ náà ti di òwe. Àwọn àgbà kì í pa á fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti rìn jìnnà, tí ìdààmú wá dé bá lópin ìrìn, tó ń wò ó pé kí òun padà sẹ́yìn, òun ni wọ́n ń pa á fún. Bí aboyún bá ń rọbí, tó ní òun ò lè ṣe é mọ́, agbẹ̀bí a dì í lọ́wọ́ mú, a sì sọ fún un pé, ibi tí omi bá ti dàrú, ilẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀.