Ewúrẹ́ Inú Kànga Àárín Adúgbò Méjì

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi yọ̀ gẹ̀rẹ̀, ó já sínú kànga."

"Ẹ fà á jáde ká rí i!"

Ní ìgbà kan rí, láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, Ewúrẹ́ olóyún já sínú kànga. Kànga yìí nìkan ni kò tíì gbẹ nílùú. Bí Ewúrẹ́ bá kú síbẹ̀, omi bàjẹ́ nìyẹn.

"Kí ló dé tí wọn ò yára fà á?"

Ẹ ní sùúrù. Ìmàle ń gbé lápá ọ̀tún kànga, onígbàgbọ́ lápá òsì. Ìmàle ní agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń bo ìpè ìrun mọ́lẹ̀. Onígbàgbọ́ ní ìpè ìrun ń jí aláìsàn. Wọn kì í kí ara wọn mọ́.

Ewúrẹ́ pariwo nísàlẹ̀: "Omi ti dé ọrùn mi o."

Ìmàle fà á tì. Onígbàgbọ́ fà á tì. Ni gbogbo wọn bá jọ di okùn kan tó kọ́ Ewúrẹ́ níwo mú. Àmọ́ ìmàle ń dúró de "Bísímílà" kí wọ́n tó fà, onígbàgbọ́ ń dúró de "Ní orúkọ Jésù." Bí èyí bá fà, tọ̀hún á dẹwọ́.

Ewúrẹ́ ní, "Mò ń gòkè, mò ń sọ̀. Ṣé korobá ni mí ni?"

"Ha-ha! Korobá oníwo!"

Dọ́káàsì, Ìyá Ìjọ, ní, "Ìyá Àdínì, ẹ bá wa pe Jésù, kó yá."

Ràfátù, Ìyá Àdínì, ní, "Ẹ̀yin náà ẹ ṣe bísímílà. Ẹnu yín ò ní bó."

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni okùn ti yọ̀, ó bó wọn lọ́wọ́. Tọ̀tún tòsì ké lẹ́ẹ̀kan náà: "Yéè, ìyá mi o!" Bí wọ́n ti ké ni wọ́n jọ dì í mú, Ewúrẹ́ ta gòkè fíì.

Ewúrẹ́ ní, "Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn, ẹ tún un sọ."

"Èwo nínú ẹ̀?"

"Ìyá mi."

Ràfátù fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe rí omi lójú Dọ́káàsì.

"Ìyá Ìjọ, kí ló dé?"

"Ìyá mi ni aláìsàn tí à ń wí. Kì í rí oorun sùn."

Ràfátù sún mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ ò sì sọ fún wa."

"Ẹ ò bi wá."

Ni oníkálukú bá gba àdúrà tirẹ̀ sínú, wọ́n wá fi orin ìyá fà á. Ẹ bá mi gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Ìyá mi o!

"Ẹ fà á!"

Ìyá tó bí mi o!

"Ẹ fà á!"

Ewúrẹ́ gúnlẹ̀. Àwọn kan ní "Alihamudulilahi," àwọn kan ní "Halelúyà." Ẹnì kankan ò pòṣé.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé bí ẹ̀sìn ẹnìkejì ò bá yé ọ, bi í léèrè ohun tó ń dùn ún.

Ibi tí àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá purọ́, kí ọ̀fun mi gbẹ.

Ní báyìí, ohùn ìpè ìrun ti rọlẹ̀, á sì parí kí agogo tó dún. Àwọn ọmọ Ràfátù ló ń pọnmi fún ìyá Dọ́káàsì. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó mọ Ọlọ́run jù, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń kí ara wọn.