Òkò Balógun Ọdẹ́jìmí

Láyé àtijọ́ ní ìlú Ìjámọ̀, bí a bá ń ka akọni, Balógun Ọdẹ́jìmí ni èkínní. Èkejì ni a ṣì ń wá. Kànnàkànnà ni ohun ìjà rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń fi okùn náà sọ òkò lé ẹyẹ nínú oko ọkà bàbá rẹ̀, nígbà tó sì dàgbà tán, orí jagunjagun ló ń fi í sọ. Ọwọ́ rẹ̀ kì í tàsé. Òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ wá ọmọ títí ojú wọn fi pọ́n, kí Elédùmarè tó fún wọn ní ọ̀kan ṣoṣo, Ìbídùn. Ọmọ yìí ló máa ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sétí odò láti ṣa òkúta roboto sínú àpò fún un. Nígbà tí Ìbídùn di omidan, ọba ní òun yóò fẹ́ ẹ, Ọdẹ́jìmí sì fi tayọ̀tayọ̀ fà á lé e lọ́wọ́. Ta ni kò fẹ́ di àna ọba?

Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Lẹ́yìn ogun kan tó gbé àbúrò Ọdẹ́jìmí lọ, ọba gba oko àwọn tó kú lójú ogun, ó sì pín in fún àwọn ẹrú ààfin. Àwọn opó ń sunkún kiri ìgboro. Balógun kọrí sí ààfin.

"Kábíyèsí, ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wọ̀nyí kò tíì gbẹ, ẹ ti ń gba oko lọ́wọ́ ọmọ wọn?"

"Ọdẹ́jìmí, ṣé nítorí pé mo fẹ́ ọmọ rẹ lo ṣe fẹ́ gùn mí lórí? Èmi ni mo ni ilẹ̀ Ìjámọ̀. Jókòó!"

Ọdẹ́jìmí kò jókòó. Ó ṣí fìlà oyè lórí, ó jù ú sílẹ̀ níwájú ọba, ó sì jáde. Ká má purọ́, ẹjọ́ rẹ̀ tọ́ lọ́jọ́ náà, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ìdajì ọmọ ogun ìlú ti pàgọ́ sórí àpáta tó wà lẹ́yìn odi, níbi tí èèyàn ti lè máa wo ọjà ọba bí ẹni ń wo inú àwo ọbẹ̀. Ọba ti ẹnubodè. Ìbídùn wà nínú ààfin, kò sì sí ẹni tó lè mú un jáde.

Ọ̀tẹ̀ náà gbó. Ebi wọ inú àgọ́, ó wọ inú ìlú pẹ̀lú. Ìbínú tó bẹ̀rẹ̀ nítorí àwọn opó gbàgbé àwọn opó pátápátá. Ọdẹ́jìmí kò sọ̀rọ̀ oko mọ́, ikú ọba nìkan ló ń wá. Ó pàṣẹ pé ará ààfin kankan kò gbọdọ̀ sún mọ́ àgọ́ débi tí ohùn rẹ̀ yóò ti dé etí òun, nítorí pé ọba mọ ọ̀rọ̀ dídùn í sọ.

Nígbà tí ọjà ku ọ̀la, ẹmẹsẹ̀ kan, ìránṣẹ́ ààfin, jáde wá, ó ń bọ̀ lẹ́sẹ̀ òkè. Kò dé fìlà, kò wọ ẹ̀wù. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń ké. Ọdẹ́jìmí sọ òkò síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún sọ òmíràn, ẹmẹsẹ̀ náà sì sá padà.

"Bàbá Ìbídùn, ẹ ò rí i pé orí lásán ló gbé wá?" ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ bá jẹ́ ká gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bóyá ọ̀rọ̀ ọmọ wa ni."

"Ẹ̀bẹ̀ ló fẹ́ bẹ̀. Lọ́la ọba yóò jáde wá ṣí ọjà. Lọ́la náà ni gbogbo rẹ̀ yóò parí, tí Ìbídùn yóò sì wálé."

"Nínú ọjà? A kì í gbé ohun ìjà wọ ọjà o!"

"Èmi ò wọ ọjà. Orí àpáta ni mo wà."

"Ẹsẹ̀ yín ò wọ̀ ọ́, òkò yín ńkọ́? Èrò pọ̀ lọ́jà, Bàbá Ìbídùn. Òkò ò lójú."

"Ọwọ́ mi lójú," ni Balógun dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ọjà kún, wọ́n gbé agboòrùn ńlá jáde. Ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ dé adé, ìlẹ̀kẹ̀ adé bo ojú rẹ̀, ó sì rọra jókòó sórí àga ọba. Ó rí tínrín lójú Ọdẹ́jìmí. Ebi ti mú un, ó wí nínú ọkàn rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò, ó mú òkúta kan tó dán tó sì rí roboto, ó fi sínú okùn, ó fì í. Ọwọ́ rẹ̀ kò tàsé.

Adé yí gbirigbiri sáàárín ọjà. Irun dídì ló wà lábẹ́ rẹ̀, irun obìnrin.

"Yéè! Olorì Ìbídùn o!"

Ọdẹ́jìmí kò mọ bí òun ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta. Ẹnubodè ti ṣí gbayawu, ẹnikẹ́ni kò dá a dúró. Olórí àwọn afọbajẹ ló pàdé rẹ̀ lẹ́bàá òkú.

"Ọba ti wàjà láti ìjẹta," ni bàbá arúgbó náà wí. "Ẹ mọ àṣà wa, Balógun. Olorì tí ọba fẹ́ gbẹ̀yìn ní í dé adé jókòó lọ́jọ́ ọjà, kí ìlú má baà mọ̀ pé ààfin ṣófo, títí a ó fi mú ọba tuntun. Balógun la máa ń kọ́kọ́ sọ fún, ẹni tó bá sì ń mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ kì í dé fìlà. A ránṣẹ́ sí yín pé ẹ máa bọ̀ nílé, pé a ti dá oko àwọn opó padà. Ẹ sọ ìránṣẹ́ wa lókò."

Ọdẹ́jìmí jókòó sínú erùpẹ̀, ó gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan. Ẹkún kọ̀, kò wá. Àwẹ̀ró dé. Ó já àpò òkúta gbà léjìká ọkọ rẹ̀, ó da gbogbo ohun tó kù nínú rẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ó ṣì kù," ni ó wí. "Ìbídùn ló ṣa wọ́n fún yín. Ẹ máa sọ ọ́."

Ọdẹ́jìmí pẹ́ láyé, èyí sì ni ìyà tó jẹ jù. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Ìbídùn kú sí nínú ọjà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé òkò sókè, ì báà jẹ́ ewúrẹ́ ló fẹ́ fi lé, àgbà náà yóò dìde, yóò di ọwọ́ onítọ̀hún mú, yóò sì sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, èyí tí àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n sì fi ń kìlọ̀ títí di òní pé: ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.